Líle, Yíyi àti Ìpẹtà: Àfiwé Àdàlù Níkẹ́ẹ̀lì àti Irin Oníkábọ̀nù nínú Ẹ̀kọ́ Sáyẹ́ǹsì ní Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àfiwé àbùdá àdàlù níkẹ́ẹ̀lì kan tí a ń pè ní Monel 400 àti irin oníkábọ̀nù tí a fi ń kọ́lé, tí a fi ń ṣe afárá àti ọkọ̀ ojú-omi. Ohun tí ó gbé wa dé ìdí àfiwé yìí ni pé nínú kíláàsì tí a ti ń fi èdè Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìyẹn "le" tàbí "lágbára", ni a sábà máa ń lò fún àbùdá bíi mẹ́rin tí ó yàtọ̀ síra. A fi hàn pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó tó láti ya àwọn àbùdá náà sọ́tọ̀, àti pé bí a kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ìbéèrè náà "Èwo ni ó dára jù?" kò lè ní ìdáhùn tí ó tọ̀nà. A fi ìtàn ọkọ̀ ojú-omi méjì tí ó bàjẹ́, ọ̀kan ní 1915, èkejì ní 1943, gbe ọ̀rọ̀ wa lẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn náà, a dá àbá lórí bí olùkọ́ ṣe lè fi ohun tí kò wọ́n kọ́ ẹ̀kọ́ yìí.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní alágbẹ̀dẹ tí ó ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tí ó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Ojú kan tí a ó lù nínú iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ ń lò nígbà tí ó bá ń sọ irú ohun tí mẹ́táàlì jẹ́.

Ọ̀rọ̀ lórí fífi Yorùbá kọ́ sáyẹ́ǹsì kì í ṣe tuntun. Ní 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí wọ́n ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní oríṣiríṣi iṣẹ́, sáyẹ́ǹsì pẹ̀lú. Àwọn onímọ̀ èdè náà kò káwọ́ lẹ́rán. Apá kìíní Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984 lábẹ́ olóòtú Ayọ̀ Bámgbóṣé, apá kejì sì jáde ní 1990 lábẹ́ olóòtú Ọládélé Awóbùlúyì. Ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọgbọ́n ìkọ́ni ni ìwé méjèèjì dá lé. Ní ti ìlànà ìjọba, ọ̀rọ̀ náà ti lọ síwá, ó ti lọ sẹ́yìn. Ní 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí èdè abínibí jẹ́ èdè ìkọ́ni fún gbogbo ọdún mẹ́fà ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025, wọ́n kéde pé àwọn ti fagi lé ìlànà náà.

Èrò wa ni pé ibi yòówù kí ìlànà fì sí, olùkọ́ tí ó bá dúró níwájú ọmọ Yorùbá kò lè ṣe kó má fi Yorùbá ṣàlàyé nǹkan. Bí àlàyé náà bá dàrú, ìmọ̀ ọmọ náà dàrú nìyẹn. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, tí òǹkà rẹ̀ sì wà nílẹ̀, láti fi dán èdè wa wò.

2.0 Mẹ́táàlì méjèèjì

2.1 Irin oníkábọ̀nù

Irin oníkábọ̀nù ni irin tí kábọ̀nù díẹ̀ wà nínú rẹ̀. Kábọ̀nù yìí kéré púpọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ọba ibẹ̀. Bí kò bá tó 0.3 nínú ọgọ́rùn-ún, irin náà rọ̀, ó ṣeé tẹ̀, ó sì ṣeé jó pọ̀. Irú èyí ni a fi ń ṣe òpó, páànù àti ìṣó. Bí kábọ̀nù bá ti ń lọ sókè sí nǹkan bí 1 nínú ọgọ́rùn-ún, irin náà ń le sí i, kì í sì í fẹ́ tẹ̀ mọ́. Irú èyí ni a fi ń ṣe ayùn àti abẹ́rẹ́.

Alágbẹ̀dẹ ilẹ̀ wa mọ àṣírí kan nínú irin yìí tipẹ́. Bí ó bá ki irin tí kábọ̀nù rẹ̀ pọ̀ tó bọ iná, tí ó pọ́n wẹ̀ẹ̀, tí ó sì tì í bọ omi lójijì, irin náà yóò le kankan. Bí ó bá jẹ́ kí ó rọra tutù lẹ́bàá iná, yóò tún rọ̀ padà. Irin kan náà ni, iná àti omi ni ó yí ìwà rẹ̀ padà.

Nínú àfiwé yìí, irú irin tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń pè ní A36 ni a ó lò, nítorí pé ó wọ́pọ̀ nínú iṣẹ́ ilé àti afárá ní Amẹ́ríkà, òǹkà rẹ̀ sì wà lákọsílẹ̀.

2.2 Monel 400

Monel jẹ́ àdàlù níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà. Níkẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ kì í dín ní 63 nínú ọgọ́rùn-ún, bàbà inú rẹ̀ sì wà láàárín 28 sí 34. Irin díẹ̀ àti àwọn nǹkan mìíràn ni ó kù. Robert Crooks Stanley, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ International Nickel Company, ni ó ṣe àdàlù yìí. Ní 1906 ni wọ́n gba ẹ̀tọ́ òfin lórí rẹ̀. Orúkọ Ambrose Monell, tí ó jẹ́ ààrẹ ilé-iṣẹ́ náà nígbà náà, ni wọ́n fi sọ ọ́. Láti inú òkúta Sudbury ní ilẹ̀ Kánádà, níbi tí níkẹ́ẹ̀lì àti bàbà ti jọ ń gbé inú òkúta kan náà, ni wọ́n ti ń wa ohun tí wọ́n fi ṣe é.

Monel yàtọ̀ sí irin alágbẹ̀dẹ ní ibi kan tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ fi sọ́kàn: iná àti omi kì í mú un le. Bí a bá fẹ́ kí Monel 400 le, a ní láti lù ú tàbí kí a fà á nígbà tí ó tutù. Bí a bá wá fi iná sí i, ṣe ni yóò tún rọ̀. Nítorí náà, nígbà tí a bá sọ òǹkà Monel nínú iṣẹ́ yìí, èyí tí a ti fi iná rọ̀ ni a ní lọ́kàn.

3.0 Àbùdá mẹ́rin tí "lágbára" kò lè dá gbé

Ó wọ́pọ̀ kí á gbọ́ pé "irin lágbára ju igi lọ" tàbí "irin le ju bàbà lọ", kí gbólóhùn méjèèjì sì túmọ̀ sí ohun kan náà létí akẹ́kọ̀ọ́. Nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à á jẹ èpà, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni à á jẹ imumu. A ó mú àbùdá mẹ́rin, a ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀ tí àwọn èèyàn wa ti ń lò nílé àti lọ́jà.

(i) Le. Ohun tí ó le kì í jẹ́ kí ohun mìíràn ha òun lára tàbí kí ó wọ òun lára. Dígí le, ìṣó kò lè tètè ha á.

(ii) Gan. Ohun tí ó gan kì í fẹ́ tẹ̀ rárá nígbà tí ẹrù bá wà lórí rẹ̀. A máa ń sọ pé aṣọ tí a fi ògì sí gan, tàbí pé ẹsẹ̀ ẹnì kan gan. Ìbéèrè tí ó wà nídìí gígan ni pé, "Báwo ni ó ṣe tẹ̀ tó nígbà tí ẹrù ṣì wà lórí rẹ̀?"

(iii) Gbẹ́rù. Èyí ni ìwọ̀n ẹrù tí nǹkan lè gbé kí ó tó yẹ̀. Ibi méjì ni a ti ń wọn èyí. Ibi kìíní ni ibi tí ó ti tẹ̀ tàbí tí ó ti nà tí kò sì ní padà sí ipò rẹ̀ mọ́. Ibi kejì ni ibi tí ó ti já. Bí a bá so ẹrù kọ́ rọ́bà, tí a mú ẹrù kúrò, rọ́bà yóò padà. Mẹ́táàlì náà ní irú àyè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àyè rẹ̀ kéré. Bí ẹrù bá ti ré e kọjá, ìtẹ̀ náà di títí láé.

(iv) Yi. Ohun tí ó yi kì í tètè là tàbí kí ó fọ́, àní bí a bá gbá a lójijì tàbí tí ojú ọgbẹ́ kékeré wà lára rẹ̀. Ẹran tí ó yi ni eyín kò tètè gé. Ìkòkò amọ̀ le, ṣùgbọ́n kò yi. Awọ yi, ṣùgbọ́n kò le. Olùkọ́ tí ó bá fi gbólóhùn yìí sí ojú pátákó ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà.

Ó yẹ kí a fi ọ̀rọ̀ kan kún èyí lórí ìyàtọ̀ "le" àti "gan". Bí alágbẹ̀dẹ bá ti irin pípọ́n bọ omi, irin náà á le sí i gidigidi, ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ gan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wáyà rírọ̀ àti abẹ́rẹ́ líle tí wọ́n nípọn bákan náà yóò tẹ̀ lọ́gbọọgba lábẹ́ ẹrù kékeré kan náà. Ìyàtọ̀ wọn kò ní hàn títí ẹrù yóò fi pọ̀: wáyà á tẹ̀ kò ní padà, abẹ́rẹ́ á ṣẹ́.

4.0 Àfiwé pẹ̀lú òǹkà

Àtẹ yìí kó àwọn àbùdá náà jọ. MPa ni òṣùwọ̀n ẹrù. Láti jẹ́ kí ó yé akẹ́kọ̀ọ́, kí á sọ pé bí ẹnu okùn irin kan bá jẹ́ mìlímítà kan níbùú àti mìlímítà kan lóròó, 250 MPa ni ẹrù tí ó tó kílógíráàmù 25 tí a so kọ́ ọ.

Àtẹ 1: Àbùdá Monel 400 àti irin oníkábọ̀nù

| Àbùdá | Monel 400 | Irin oníkábọ̀nù (A36) |
|---|---|---|
| Ìwúwo èyí tí ó kún lítà kan | kg 8.8 | kg 7.85 |
| Gígan | GPa 179 | nǹkan bí GPa 200 |
| Ẹrù tí yóò nà án tí kò ní padà | MPa 195, ó kéré tán | MPa 250, ó kéré tán |
| Ẹrù tí yóò já a | MPa 485, ó kéré tán | MPa 400 sí 550 |
| Bí ó ṣe ń nà tó kí ó tó já | 35%, ó kéré tán | 20%, ó kéré tán |
| Ìgbóná tí ó ń yọ́ ọ | 1300 sí 1350°C | nǹkan bí 1500°C |
| Bí ooru ṣe ń gbà á kọjá | nǹkan bí W/mK 22 | nǹkan bí W/mK 50 |

Bí a bá wo àtẹ yìí fínnífínní, a ó rí i pé kò sí ẹni tí ó borí nínú ohun gbogbo. Irin oníkábọ̀nù fúyẹ́ ju Monel lọ. Ó gan jù ú lọ pẹ̀lú: bí ẹrù kan bá mú kí ọ̀pá irin tẹ̀ ní mìlímítà 10, ẹrù kan náà yóò mú ọ̀pá Monel tí ó gùn tí ó sì nípọn bákan náà tẹ̀ ní nǹkan bí mìlímítà 11.

Ibi tí àfiwé náà ti gba àròjinlẹ̀ ni ẹrù. Irin oníkábọ̀nù dúró ṣinṣin títí dé MPa 250 kí ó tó nà tí kò ní padà, Monel sì lè juwọ́ sílẹ̀ ní 195. Àmọ́ lẹ́yìn tí ó bá ti juwọ́ sílẹ̀, Monel kò tíì ṣe tán láti já. Yóò nà, yóò máa le bí ó ti ń nà, títí yóò fi dé MPa 485 ó kéré tán. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá wá béèrè pé, "Olùkọ́, èwo ni ó lágbára jù nínú wọn?", ìdáhùn tí ó tọ́ ni kí a bi í padà pé, "Ṣé ibi tí kò ti ní padà ni ò ń béèrè ni, àbí ibi tí ó ti já?" Ẹni tí ó ń kọ́ afárá kò fẹ́ kí òpó rẹ̀ nà rárá, ẹni tí ó fẹ́ fi mẹ́táàlì tẹ abọ́ jíjìn fẹ́ kí ó nà dáadáa kí ó má sì ya.

Ọ̀rọ̀ òòfà náà dùn-ún gbọ́. Òòfà ń fa irin oníkábọ̀nù títí irin náà yóò fi gbóná dé nǹkan bí 770°C. Ní ti Monel 400, ibi tí òòfà ti ń fi í sílẹ̀ wà láàárín 21 sí 49°C, bí àwọn èròjà inú rẹ̀ bá ṣe pọ̀ sí. Èyí ni pé òòfà lè fa Monel kan ní àárọ̀ ọyẹ́ kí ó má fà á mọ́ ní ọ̀sán gangan. Ẹni tí ó ń ra àjákù irin tí ó sì ń fi òòfà nìkan dá mẹ́táàlì mọ̀ lè ṣìnà níbẹ̀.

4.1 Òtútù àti yíyi: ọkọ̀ Schenectady

Yíyi kò sí nínú àtẹ wa, nítorí pé òǹkà kan ṣoṣo kò lè sọ ọ́ tán. Bí òtútù bá ti mú, irin oníkábọ̀nù tí ó yi tẹ́lẹ̀ lè di ohun tí ń là bí ìkòkò. Monel kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń yi síbẹ̀ nínú òtútù tí ó ré ti yìnyín kọjá lọ fíìfíì.

Ní ọjọ́ 16 oṣù kìíní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ọkọ̀ elépo SS Schenectady tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn tán wà ní ìdúró ní èbúté Portland, ní ìpínlẹ̀ Oregon, ní Amẹ́ríkà. Omi tòrò, ìjì kò jà, ṣùgbọ́n òtútù mú. Lójijì ni ara ọkọ̀ náà là láti òkè wá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín sí méjì. Àwọn onímọ̀ rí i pé àléébù wà níbi tí wọ́n ti jó irin pọ̀, irin náà kò sì yi tó nínú òtútù láti dá ìlà náà dúró. Ẹrù tí ọkọ̀ náà gbé kò ju agbára irin rẹ̀ lọ nínú ìwé. Agbára wà, yíyi ni kò sí. Olùkọ́ tí ó bá pe méjèèjì ní "lágbára" kò ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi ṣàlàyé ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

5.0 Ìpẹtà: ibi tí Monel ti borí, àti ibi tí ó ti pa ẹnìkejì rẹ̀

Ẹni tí ó bá ń gbé Àgbádárìgì tàbí etí òkun Èkó mọ bí páànù àti ìṣó ṣe ń dípẹtà kíákíá níbẹ̀. Irin, omi àti afẹ́fẹ́ ọ́síjìn ni ó ń pàdé tí ìpẹtà fi ń jáde. Iyọ̀ òkun sì ń mú un yá. Ìpẹtà irin kì í dáàbò bo irin. Ó ń ṣí kúrò bí èèpo, ó sì ń ṣí ojú irin tuntun sílẹ̀ fún omi. Ní ti Monel, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan máa ń bò ó tí kì í ṣí bọ̀rọ̀. Nínú omi òkun tí ń ṣàn, ohun tí ó ń jẹ kúrò lára Monel kì í sábà tó mìlímítà 0.025 lọ́dún. Ìdí nìyí tí a fi ń lò ó fún ọ̀pá ẹ̀rọ ìfami àti fáàfù nínú ọkọ̀ ojú-omi. Síbẹ̀, ó ní ọ̀tá tirẹ̀: ásíìdì náítíríìkì ń jẹ ẹ́, omi òkun tí ó dúró sójú kan sì lè lu ihò sí i lára.

Ọkọ̀ afẹ́ Sea Call, tí wọ́n kàn ní Amẹ́ríkà ní 1915, ni ó kọ́ àwọn oníṣẹ́ ọkọ̀ lẹ́kọ̀ọ́ ńlá. Monel ni wọ́n fi ṣe awọ ìta ọkọ̀ náà nítorí pé kì í dípẹtà. Irin oníkábọ̀nù ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀ nítorí pé kò wọ́n, ó sì gan. Lójú ẹni tí ó fi àbùdá mẹ́táàlì wéra lọ́kọ̀ọ̀kan, ìpinnu náà mọ́gbọ́n dání. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ náà ti wọ inú òkun, irin inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ run ní kíákíá, bẹ́ẹ̀ ni Monel ń dán. Kò pẹ́ tí wọ́n fi tú ọkọ̀ náà palẹ̀.

Àlàyé rẹ̀ nìyí. Bí mẹ́táàlì méjì tí ó yàtọ̀ bá fara kan ara wọn nínú omi oníyọ̀, iná mànàmáná kékeré yóò máa sàn láàárín wọn, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣẹlẹ̀ nínú bátìrì. Èyí tí ó bá ń tètè yọ̀ǹda élẹ́kítírọ́ọ̀nù rẹ̀ ni yóò jẹ run, èkejì yóò sì wà láìfarapa. Irin ń yọ̀ǹda tirẹ̀ ju Monel lọ. Ohun tí ó tún burú sí i ni pé awọ Monel náà fẹ̀ púpọ̀, irin tí ó kan omi sì kéré, nítorí náà gbogbo ìjẹrun náà kóra jọ sórí irin díẹ̀ yẹn. Yorùbá sọ pé kòkòrò tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ni ó wà.

Kí a má baà rò pé irin oníkábọ̀nù kò wúlò níbi tí omi wà, ẹ jẹ́ kí a wo rọ́ọ̀dù tí àwọn bíríkìlà ń dì sínú kọnkéré. Sìmẹ́ńtì tí ó yí i ká ń jẹ́ kí awọ ààbò kan dúró sí ojú irin náà, nítorí náà kì í dípẹtà níwọ̀n ìgbà tí kọnkéré náà kò bá sán, tí iyọ̀ kò sì wọ inú rẹ̀. Bákan náà, irin àti kọnkéré ń wú lọ́nà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nígbà tí oòrùn bá mú wọn. Kò sí ẹni tí yóò fi Monel tí ó wọ́n ní ìlọ́po-ìlọ́po ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

6.0 Bí a ṣe lè kọ́ ọ ní kíláàsì

Monel kò sí ní ọjà tí ó súnmọ́ ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ wa, ṣùgbọ́n èyí kò dí ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ ìránṣọ, wáyà tí bíríkìlà fi ń di rọ́ọ̀dù, ìṣó, wáyà bàbà, iyọ̀ àti ife dígí ti tó.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Olùkọ́ yóò fi ẹ̀mú tẹ wáyà, yóò tẹ̀. Yóò tẹ abẹ́rẹ́, yóò ṣẹ́. Kí ó fi aṣọ bo abẹ́rẹ́ náà kí ó má baà ta sí ẹnikẹ́ni lójú. Kí ó bi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ léèrè èwo ni ó le, èwo ni ó yi.

Ìgbésẹ̀ kejì: Olùkọ́ fúnra rẹ̀ yóò ki abẹ́rẹ́ mìíràn bọ iná títí yóò fi pọ́n, yóò sì jẹ́ kí ó rọra tutù. Abẹ́rẹ́ náà yóò tẹ̀ báyìí. Bí ó bá tún un mú pọ́n, tí ó tì í bọ omi, yóò tún padà sí ẹni tí ń ṣẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Kí a fi ìṣó kan sínú omi oníyọ̀, kí a sì wé wáyà bàbà mọ́ ìṣó kejì kí a tó fi òun náà sínú omi oníyọ̀ mìíràn. Bàbà ni yóò dúró fún Monel. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yóò rí i pé ìṣó tí a wé bàbà mọ́ ń dípẹtà ju ìkejì lọ. Ìtàn Sea Call nìyẹn nínú ife.

Ní ìparí, kí olùkọ́ ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ gbólóhùn márùn-ún nípa ọ̀bẹ, ìkòkò, awọ, rọ́bà àti ìṣó, láì lo ọ̀rọ̀ náà "lágbára". Èyí ni ó ṣòro jù nínú iṣẹ́ náà, òun náà ni ó wúlò jù.

7.0 Ìkádìí

A ti rí i nínú iṣẹ́ yìí pé irin oníkábọ̀nù fúyẹ́, ó gan, kò wọ́n, ó sì dúró ṣinṣin lábẹ́ ẹrù, ṣùgbọ́n ó ń dípẹtà, yíyi rẹ̀ sì ń dínkù nínú òtútù. Monel 400 ń nà, ó ń yi, ó sì ń fara da omi òkun, ṣùgbọ́n ó wúwo, ó wọ́n, ó sì lè ba irin tí a bá so mọ́ ọn nínú omi jẹ́. Kò sí èyí tí a lè pè ní èyí tí ó dára jù láìsọ iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe.

Ní ti èdè, a kò dá ọ̀rọ̀ tuntun kan sílẹ̀ fún àbùdá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Le, gan, gbẹ́rù àti yi ti wà lẹ́nu àwọn ìyá wa ní ilé ìdáná àti lẹ́nu àwọn alágbẹ̀dẹ. Ohun tí ó kù ni kí àwa olùkọ́ fi ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àyè rẹ̀, kí a sì máa lò ó bẹ́ẹ̀ láti kíláàsì dé kíláàsì. A rọ àwọn ẹ̀ka Yorùbá àti ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì ní àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì wa láti jókòó pọ̀ ṣe irú iṣẹ́ yìí lórí igi, amọ̀ àti ike pẹ̀lú, nítorí pé ọmọ tí a bá kọ́ láti mọ ìyàtọ̀ líle sí yíyi kò ní fi ojú kan wo gbogbo ohun tí ó bá le.